Ìdí Ààrò ni Ìdáhùn Wà: Àlàyé lórí Àlọ́ Àwọn Ará Áyálándì

Lọ́jọ́ Àìkú kan, àbúrò mi ọkùnrin tó ń gbé ní Dublin fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ohun tí ọmọ yìí fi ń dà mí láàmú." Ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ló kó àlọ́ kan bọ̀ láti iléèwé: "Londonderry, Cork and Kerry, spell me that without a K."

Ibi mẹ́ta ni wọ́n dárúkọ yẹn, erékùṣù Áyálándì sì ni gbogbo wọn wà. Àbúrò mi mú bírò, ó fa bébà kan jáde. Ó kọ Londonderry, kò rí K níbẹ̀. Ó kọ Cork, ó fa igi lé K. Ó kọ Kerry, ó tún fa igi lé K. Ó wo ohun tó kù, kò nítumọ̀. Ọmọ ti ń rẹ́rìn-ín títí tó fi ń yí lórí àga. Nígbà tí bàbá rẹ̀ ní òun ò mọ̀ ọ́n mọ́, ó ní, "Dádì, T-H-A-T."

Inú bí àbúrò mi. Ó ní irú èwo nìyẹn, ìyẹn kì í ṣe àlọ́, ìrẹ́jẹ ni. Ó ní òun ti bi àwọn ọmọ Nàìjíríà mìíràn ládùúgbò wọn, bí ó ṣe ń rú òun lójú náà ló ń rú àwọn náà lójú. Mo ṣèlérí fún un pé màá kọ ọ́ sílẹ̀, torí ọ̀rọ̀ yìí wù mí sọ gan-an. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo ti ń ka àlọ́ àwọn èèyàn wọ̀nyí, mo sì mọ̀ pé ẹni tó bá wọ ilé ìdáná wọn àtijọ́ lẹ́ẹ̀kan, kò ní ṣòro fún un mọ́.

Kí ni wọ́n ń pe àlọ́ lọ́dọ̀ wọn?

Àwa pín àlọ́ sí méjì: àlọ́ àpagbè tó ní ìtàn àti orin, àti àlọ́ àpamọ̀ tó jẹ́ ìbéèrè. Àlọ́ àpamọ̀ ni mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbí.

Gaeilge ni èdè àbínibí àwọn ará Áyálándì. Nínú èdè yẹn, tomhas ni àlọ́ àpamọ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà yìí ni wọ́n ń lò fún wíwọn nǹkan àti fún méméfò. Ohun tí aránṣọ ń ṣe nígbà tó bá na tépù sí èjìká oníbàárà, tomhas ni. Ohun tí ọmọdé ń ṣe nígbà tó bá ń wá ìdáhùn àlọ́, tomhas náà ni. Mo fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀, torí ohun tí àlọ́ ń béèrè gan-an nìyẹn: kí o mú ohun tí wọ́n sọ, kí o máa fi wọn àwọn nǹkan tó wà láyìíká rẹ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí yóò fi bá ọ̀kan mu rẹ́gí.

Wọ́n tún ní orúkọ mìíràn, dubhfhocal. Dubh ni dúdú, focal ni ọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ dúdú, ìyẹn ọ̀rọ̀ tó ṣókùnkùn.

Níbo ni wọ́n ti ń pa á, ta ló sì kó o jọ?

Láyé àtijọ́, alẹ́ ni. Nígbà òtútù ní Áyálándì, ilẹ̀ ti ń ṣú ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Iṣẹ́ oko ti tán, iná ń jó ní ààrò, àwọn aládùúgbò á wá jókòó sí ilé kan tí wọ́n mọ̀ pé ó gba èèyàn. Airneán ni wọ́n ń pe irú àbẹ̀wò alẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà á sọ ìtàn akọni, èyí tí wọn kò fẹ́ràn láti máa sọ lójú ọ̀sán, gẹ́gẹ́ bí àwa náà kì í ti í pàlọ́ lọ́sàn-án. Àlọ́ kéékèèké ni tàwọn ọmọdé. Wọ́n ń pa á nílé òkú pàápàá, torí pé àìsùn ni wọ́n máa ń ṣe ti òkú títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, ohun tí yóò lé oorun lọ kò sì gbọ́dọ̀ wọ́n.

Ní ọdún 1935 ni ìjọba wọn dá àjọ kan sílẹ̀, Coimisiún Béaloideasa Éireann, pé kó máa kó àwọn nǹkan báyìí jọ kó tó parun. Wo ọ̀rọ̀ tó wà láàrin orúkọ yẹn: béaloideas. Béal ni ẹnu, oideas ni ẹ̀kọ́. Ẹ̀kọ́ ẹnu.

Láàrin ọdún 1937 sí 1939, àjọ yìí gbé iṣẹ́ fún àwọn ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Dípò àròkọ tí wọ́n máa ń kọ, kí wọ́n lọ bi àwọn òbí wọn, ìyá àgbà wọn àti aládùúgbò wọn ní ọ̀rọ̀ àtijọ́, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé. Àlọ́ wà lára ohun tí wọ́n ní kí wọ́n béèrè. Nǹkan bí 50,000 ọmọ láti iléèwé 5,000 ló ṣe iṣẹ́ náà, ojú ìwé tí wọ́n kọ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 740,000. Yunifásítì UCD ní Dublin ló ń tọ́jú wọn báyìí. Ẹnikẹ́ni lè rí wọn kà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní dúchas.ie, pẹ̀lú ìkọ̀wé ọmọ náà gan-an, bí tàdáwà ṣe kán sí i. Ní ọdún 2017, àjọ UNESCO fi àkójọ àjọ yìí sínú ìwé ohun ìrántí tó ṣe pàtàkì fún gbogbo ayé. Ọmọ ọdún mọ́kànlá sí mẹ́rìnlá ló kọ púpọ̀ nínú rẹ̀!

Báwo ni àlọ́ gidi ṣe ń ṣiṣẹ́?

Ẹ jẹ́ ká wọ ilé ìdáná wọn ìgbà náà. Koríko ni wọ́n fi bo òrùlé. Ilẹ̀pa ni ilẹ̀ ilé, kò tẹ́jú. Ohun tó ń jó ní ààrò kì í ṣe igi, ilẹ̀ àbàtà ni wọ́n gé bíi búlọ́ọ̀kù, tí wọ́n sá gbẹ. Ẹ̀mú onírin gígùn kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, òun ni wọ́n fi ń to ilẹ̀ gbígbẹ yẹn sínú ààrò. Bí ìyá ọmọ bá fẹ́ yọjú síta díẹ̀, á gbé ẹ̀mú yìí dábùú orí ibùsùn ọmọ jòjòló, kí àwọn iwin má bàa pààrọ̀ ọmọ náà.

Ó yá, àlọ́ o:

Ẹsẹ̀ gígùn, itan wíwọ́, orí kékeré, kò lójú.

Ẹ̀mú ni. Irin méjì tó gùn, tó tẹ̀ díẹ̀ láàrin, tó pàdé lókè. Wo bó ṣe ṣe é. Ẹsẹ̀, itan, orí: ọkàn rẹ ti ya àwòrán èèyàn. Ó wá ní kò lójú, èèyàn yẹn sì wó lulẹ̀. Bí àlọ́ gidi ti rí nìyẹn. Apá kan ń fà ọ́ lọ síbi kan, apá kejì ń tì ọ́ kúrò níbẹ̀. Ẹni tó bá dúró sórí apá àkọ́kọ́ nìkan kò ní já a láé. Tiwa náà rí bẹ́ẹ̀: òkun ń hó yèè, ọ̀sà ń hó yèè, ọmọ burúkú torí bọ̀ ọ́. Ta ni yóò bọ́ sínú òkun tó ń hó tí kò ní kú? Ọmọrogùn ni, nínú ìkòkò ọkà. Òun náà kò jìnnà sí ìdí ààrò.

Òmíràn nìyí: ó kún inú ilé, ó kún inú ihò, o kò lè rí i bù kún abọ́. Èéfín ni. Ẹni tó ti jókòó sínú ilé tí ilẹ̀ àbàtà ti ń jó kò ní ronú púpọ̀ kó tó mọ ìyẹn.

Òmíràn: orí bí ìdérí ìka aránṣọ, ìrù bíi ti eku. Kòkò tábà ni, amọ̀ funfun tí ọrùn rẹ̀ tín-ín-rín, irú èyí tí wọ́n máa ń fi sórí àwo pẹ̀lú tábà fún àwọn tó bá wá kí olóòkú. Ìdérí ìka yẹn gan-an, irin kékeré tí aránṣọ ń fi bọ ìka kí abẹ́rẹ́ má bàa gún un, òun náà ní àlọ́ tirẹ̀: mo ní ilé kékeré kan, agbára káká ni èkúté fi lè gbà nínú rẹ̀, síbẹ̀ fèrèsé rẹ̀ pọ̀ tó ti ààfin ọba. Àwọn ojú wẹ́wẹ́ tó wà lára irin náà ni fèrèsé.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nìyí, ẹ fara balẹ̀ kà á:

Ẹsẹ̀ méjì wọlé, ó gbé ẹsẹ̀ kan lọ́wọ́. Ó gbé ẹsẹ̀ kan lé orí ẹsẹ̀ mẹ́ta. Ẹsẹ̀ mẹ́rin fò dìde, ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó sá lọ. Ẹsẹ̀ méjì fò dìde, ó sọ ẹsẹ̀ mẹ́ta lu ẹsẹ̀ mẹ́rin, ẹsẹ̀ mẹ́rin sì dá ẹsẹ̀ kan padà.

Ọkùnrin kan gbé itan àgùntàn wọlé. Ó gbé e sórí àpótí ìjókòó ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Ajá gbé ẹran náà, ó sá. Ọkùnrin sọ àpótí lu ajá. Ẹ̀fẹ̀ rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n ohun tó mú mi lọ́kàn ni ẹsẹ̀ mẹ́ta yẹn. Kí ló dé tí kì í ṣe mẹ́rin? Nítorí pé ilẹ̀pa ilé wọn kò tẹ́jú. Ohun ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin á máa mì lórí rẹ̀, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kì í mì níbikíbi. Ọmọ tó dàgbà sílé onísìmẹ́ńtì lè ronú dòru kó má rántí pé irú àpótí bẹ́ẹ̀ wà. Àìmọ inú ilé ló ń mú kí àlọ́ wọn le fún wa, kì í ṣe àìgbọ́n.

Nígbà míì, àtẹnu ọ̀nà oko ni. "Mo gba ẹnu ọgbà tó ń yọ̀ kọjá, mo pàdé àbúrò bàbá mi, Davy. Mo gé orí rẹ̀, mo fi ara rẹ̀ sílẹ̀ jẹ́ẹ́." Ẹ má bẹ̀rù, kábéèjì ni. Ògiri òkúta ni wọ́n fi ń yí oko ká, wọ́n á wá fi àyè kan sílẹ̀ tí màlúù ń gbà wọlé. Òjò kì í dá níbẹ̀, pátákò màlúù á ti po ilẹ̀ ibẹ̀ di ẹrẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi ń yọ̀. Àwọn mìíràn á fi kún un pé àwọn mu ẹ̀jẹ̀ Davy, ìdáhùn á sì yí padà di ìgò ọtí. Nítorí náà, gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tán kó o tó dáhùn. Gbólóhùn kan péré lè gbé ọ kúrò lóko dé ilé ọtí.

Èwo wá ni ti àlọ́ tó mú àbúrò mi bínú?

Ìyẹn kì í béèrè nǹkan. Ọ̀rọ̀ ló ń béèrè. Páńpẹ́ ni, inú gbólóhùn fúnra rẹ̀ sì ni wọ́n dẹ ẹ́ sí.

"That" túmọ̀ sí "ìyẹn". Nígbà tí ọmọ ní kí o kọ "that", ìwọ gbà pé àwọn orúkọ mẹ́ta tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kà sílẹ̀ ló ń tọ́ka sí. Ọ̀rọ̀ náà gan-an ló ní kí o kọ, kò sì sí K nínú rẹ̀. Àwọn orúkọ ìlú yẹn kàn wà níbẹ̀ láti kó ọ lọ́kàn lọ ni, bí ìgbà tí onídán bá na ọwọ́ ọ̀tún sókè kí o má bàa wo ti òsì. Irú rẹ̀ kan náà ni wọ́n fi orúkọ Constantinople ṣe: wọ́n á ní ọ̀rọ̀ tó gùn ni, kí o fi lẹ́tà méjì kọ ọ́. "It", ìyẹn "ọ́" tó wà nínú "kọ ọ́", ni ìdáhùn.

Wọ́n tún máa ń béèrè ohun tí Ádámù kọ́kọ́ "set" nínú ọgbà Édẹ́nì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni. Nínú Gẹ̀ẹ́sì àwọn ará oko Áyálándì, "set" ni wọ́n ń sọ tí wọ́n bá ń gbin ọ̀dùnkún, èyí tí àwọn ìyá ọlọ́jà wa ń pè ní "Irish" títí dòní. "Set" náà ni kí èèyàn gbé ẹsẹ̀ lélẹ̀. Ọmọ àgbẹ̀ tó ti fi gbogbo oṣù kẹrin gbin ọ̀dùnkún, irúgbìn ni ọkàn rẹ̀ máa lọ bá.

Èyí tó kàn yìí dùn mí díẹ̀. Kí ló dé tí Áyálándì fi lówó ju gbogbo orílẹ̀-èdè lọ? Nítorí pé "its capital is always Dublin." "Capital" ni olú-ìlú, òun náà ni owó tí èèyàn fi ń ṣòwò. Dublin ni orúkọ olú-ìlú, ṣùgbọ́n létí, bí "doubling" ló ṣe ń dún, ìyẹn kí nǹkan máa di ìlọ́po méjì. Nítorí náà, owó orílẹ̀-èdè náà kò yéé di méjì-méjì. Ó dùn mí nítorí ìgbà tí àwọn ọmọ yẹn ń kọ ọ́ sínú ìwé. Láti 1932 sí 1938 ni ìjà òwò wà láàrin Áyálándì àti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, tí àwọn tó ń sin màlúù kò rí ọjà wọn tà bó ṣe yẹ. Ọmọ tí kò sí owó nílé wọn ló ń kọ ọ́ pé owó wa ń di ìlọ́po méjì.

Èyí tó rọrùn jù lọ ni ti màlúù. Kí ló dé tó fi ń gba orí ògiri wòran? Nítorí pé kò lè wo inú ògiri kọjá. Èèyàn á ti máa wá ọgbọ́n ńlá kiri, òtítọ́ sì jókòó síwájú rẹ̀.

Ṣé òótọ́ ni pé àlọ́ lè gba ẹ̀mí là?

Nínú ìtàn, bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ti dájọ́ ikú fún ọkùnrin kan, adájọ́ wá ní bó bá pa àlọ́ tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, kó máa lọ sílé. Ọkùnrin náà ní: "Mo gun ẹṣin tí a kò bí, mo sì di ìyá rẹ̀ mú lọ́wọ́." Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Abo ẹṣin kan ló kú pẹ̀lú oyún, wọ́n la inú rẹ̀, wọ́n gbé ọmọ jáde láàyè. Awọ ìyá ni wọ́n fi ṣe ìjánu. Wọ́n ń sọ irú rẹ̀ ní Áyálándì, wọ́n ń sọ ọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà. Kò sí bí o ṣe lè fi ọgbọ́n orí já irú èyí, torí pé ohun tí ojú ẹni tó ń pa á rí nìkan ló wà nínú rẹ̀. Ti Samsoni nínú Bíbélì, ọ̀nà yìí kan náà ló gbà. Bí ọmọ rẹ bá gbé irú rẹ̀ wálé, sọ pé o kò mọ̀ ọ́n kíá, kó lè sọ ìtàn ẹ̀yìn rẹ̀ fún ọ.

Àlọ́ tún máa ń fẹ́ ìyàwó. Nínú ìtàn àtijọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Tochmarc Ailbe, akọni Fionn mac Cumhaill fẹ́ fẹ́ Ailbe, ọmọ ọba Cormac mac Airt. Ó ń bi í ní ìbéèrè, ọmọbìnrin náà ń dá a lóhùn láìjanpata. Kí ló yára ju afẹ́fẹ́ lọ? Èrò ọkàn. Kí ló gbóná ju iná lọ? Ojú ọmọlúàbí tí àlejò wọlé tọ̀, tí kò sì rí nǹkan kan gbé síwájú wọn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka ìdáhùn yẹn, mo gbé ìwé sílẹ̀. Ìyá wa nìyẹn, lọ́jọ́ tí àlejò dé tí gàárì tán nílé.

Nígbà míì sì rèé, èdè fúnra rẹ̀ ló ń di àlọ́. Daniel O'Connell, agbẹjọ́rò ọmọ Kerry tó gbé ayé láti 1775 sí 1847, ló jà títí àwọn Kátólíìkì fi wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin lọ́dún 1829. Àwọn ará oko sọ ọ́ di akọni ìtàn. Wọ́n ní ó ń jẹun ní London pẹ̀lú àwọn tó fẹ́ pa á. Ọmọbìnrin Áyálándì kan tó ń gbé oúnjẹ wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi Gaeilge ké ewì sí i: "A Dhónaill Uí Chonaill, an dtuigeann tú Gaeilge?" Ó ń bi í bóyá ó gbọ́ Gaeilge. Ó ní òun gbọ́ ọ dáadáa. Ọmọbìnrin náà wá ní iyọ̀ ti pọ̀ jù nínú ife tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Májèlé ló ń pè ní iyọ̀. Gbogbo àwọn tó jókòó sídìí tábìlì gbọ́ ohùn rẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ló gbọ́ ohun tó sọ.

Kí ló dé tí púpọ̀ nínú wọn fi jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì?

Ìyàn ńlá jà ní Áyálándì láti 1845 sí 1852, nígbà tí àrùn pa ọ̀dùnkún lóko. Nǹkan bí mílíọ̀nù kan èèyàn ló kú, iye tó ju bẹ́ẹ̀ lọ sì fi ìlú sílẹ̀. Àwọn tó ń sọ Gaeilge ló fara gbá a jù. Àwọn òbí wá rí i pé Gẹ̀ẹ́sì ni yóò mú ọmọ wọn wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Amẹ́ríkà, wọ́n dákẹ́ Gaeilge lẹ́nu. Ní àwọn ibì kan, wọ́n á so igi kan mọ́ ọmọ lọ́rùn, bata scóir, gbogbo ìgbà tó bá sọ Gaeilge ni wọ́n á fi ọ̀bẹ sàmì sára igi náà, wọ́n á sì fi iye àmì nà án. Ní iléèwé tí èmi lọ, owó ìtanràn ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá sọ Yorùbá. Mi ò lè ka ọ̀rọ̀ igi yẹn kí ọkàn mi má lọ síbẹ̀.

Nítorí náà, àwọn àlọ́ kan para dà di Gẹ̀ẹ́sì, àwọn kan kú sínú Gaeilge, àwọn mìíràn sì gba orí òkun wọlé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kì í ṣe gbogbo èyí tó wà nínú ìwé àwọn ọmọ yẹn ni wọ́n bí sí Áyálándì. Ṣùgbọ́n ìdí ààrò wọn ni wọ́n ti gbọ́ ọ.

Gbogbo èyí ni mo kọ ránṣẹ́ sí àbúrò mi. Mo ní kó tó dáhùn, kó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ bóyá nǹkan ni wọ́n ń béèrè ni tàbí ọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ nǹkan, kó wo ìtòsí, torí ó ṣeé ṣe kí ọwọ́ rẹ̀ tó o níbi tó jókòó sí.

Lálẹ́ ọjọ́ kejì, ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló fi ohùn ránṣẹ́. "Dádì Ìbàdàn, ẹ káalẹ́ sà. Mo ti pa òmíràn fún Dádì mi: bàbá mi fún mi ní irúgbìn pé kí n gbìn ín, irúgbìn náà dúdú, ilẹ̀ náà funfun." Mo gbọ́ ohùn àbúrò mi lẹ́yìn rẹ̀, ó ń ka àwọn nǹkan tó wà nínú yàrá lọ́kọ̀ọ̀kan: àga, fèrèsé, tẹlifíṣọ̀n. Ó dákẹ́ díẹ̀. Bébà àná ṣì wà lórí tábìlì, Londonderry wà lórí rẹ̀, Cork tí kò ní K, Kerry tí kò ní K, bírò sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ìwé kíkọ ni!" ló pariwo.